Ọkọ̀ Ìṣeré Tí Ó Padà Wáyé

Bí a bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé ẹni tí ó lọ ti padà wá, ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàjèjì létí rẹ̀. A ní Babátúndé, a ní Yétúndé, a ní Ìyábọ̀. Orúkọ wọ̀nyí ń sọ fún wa pé nínú èrò àwọn baba ńlá wa, ikú kì í ṣe òpin ìrìnàjò ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ènìyàn nìkan ni a fún ní àǹfààní yìí. Ìkòkò tí ó bá fọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Ẹní tí ó bá gbó, ààtàn ni ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun ìṣeré kan wà tí àwọn tí ó ṣe é jẹ́ kí ó kú, tí wọ́n sì tún mú un padà wáyé lẹ́yìn ogún ọdún, tòun ti orúkọ rẹ̀, ìrísí rẹ̀ àti àwòrán ara páálí rẹ̀. Ìyanu náà tún pọ̀ sí i nígbà tí babátúndé oníke yìí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Mowo.

Mowo wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àbúrò mi kan tí ó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wá bá wa ṣe ọdún Kérésìmesì níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ọdún, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí páálí kan, ó sì da àpò ọ̀rá kéékèèké sílẹ̀, gbogbo wọn kún fún nọ́ọ̀tì, sìkúrúù, sípírìǹgì àti ike gígé. Ìyá wa àgbà, tí wọ́n jókòó sórí àpótí nítòsí, wò ó títí, wọ́n wá bi í pé, "Ta lo ra eléyìí bọ̀ wá fún?" Ó dá wọn lóhùn pé, "Ara mi ni mo rà á fún, Ìyá." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ìwọ tí o ti pé àádọ́ta ọdún!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò tán lọ́kàn mi. Kí ni àgbàlagbà ń wá nínú ọkọ̀ ìṣeré? Ǹjẹ́ ohun tí ó ń wá wà níbẹ̀?

Grasshopper ni orúkọ ọkọ̀ náà, èyí tí à bá pè ní Tata ní èdè wa. Ilé-iṣẹ́ Tamiya tí ó wà ní ìlú Shizuoka ní ilẹ̀ Japan ni ó ṣe é. Iṣẹ́ igi ni ilé-iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946. Láti ara igi lílà ni wọ́n ti bọ́ sí àwòṣe ọkọ̀ kéékèèké, kí wọ́n tó fi igi sílẹ̀ fún ike. Ní ọdún 1976 ni wọ́n gbé ọkọ̀ ìṣeré wọn àkọ́kọ́ tí a ń fi rédíò darí jáde, àwòṣe Porsche 934. Sand Scorcher àti Rough Rider tẹ̀ lé e ní 1979, Frog ní 1983, Grasshopper àti Hornet ní 1984. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni ìwọ̀n àwọn tí ó tẹ̀ lé Porsche náà. Nígbà tí ó yá, ọjà wọn kú, wọ́n sì kúrò lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tí ó fi wọ́n ṣeré dàgbà, wọ́n rí iṣẹ́, owó wọ ọwọ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ó ti sọnù kiri. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́ igbe wọn. Hornet padà dé ní 2004, Grasshopper àti Frog ní 2005, Sand Scorcher ní 2010. Àwọn ẹlòmíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀: Team Associated ti Amẹ́ríkà dá RC10 wọn ti ọdún 1984 padà ní 2013, Kyosho ti Japan sì dá Scorpion wọn ti 1982 padà ní 2014. Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn bàbá olórí ewú ń kóra jọ ní òpin ọ̀sẹ̀ láti fi irú ọkọ̀ wọ̀nyí sáré ìje lórí koríko àti lórí erùpẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọkọ̀ wọ̀nyí kì í dé ní odindi. Ẹni tí ó rà á ni yóò tò ó fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni àbúrò mi fi wà lórí ẹní. Ó ṣí ìwé ìlànà tí ó kún fún àwòrán, ó ń tẹ̀ lé e ní ìpele dé ìpele. Ó to jíà kéékèèké sínú àpótí wọn, ó fi gíríìsì pa wọ́n lára. Ó so sípírìǹgì mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fi táyà bọ rímù. Ó kun ara ọkọ̀ náà ní ọ̀dà, ó sì lẹ àwọn bébà aláràbarà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó fi bátìrì sí i, ó gbé ohun ìdarí lọ́wọ́, tata náà sì fò sórí yanrìn.

Yorùbá a máa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. N kò tíì rí ibi tí orúkọ náà ti bá iṣẹ́ mu tó èyí. Ẹni tí ó di ohun ìdarí mú ń sọ̀rọ̀ láìlanu. Ọkọ̀ ń gbọ́, ó ń yà, ó ń sáré, ó ń dúró, kò sì fèsì kan padà. Ní àwọn ọdún 1980, bí ènìyàn méjì bá fi ìgbì afẹ́fẹ́ kan náà ránṣẹ́, ọkọ̀ ẹnìkan lè máa gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu, ìyẹn ni àwọn olùdíje fi ń pín ìgbì láàrin ara wọn kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ òde òní ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí, nítorí ohun ìdarí kọ̀ọ̀kan ti mọ ọkọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, bí ara ọkọ̀ tí ó padà wáyé bá tilẹ̀ jẹ́ ara àtijọ́, etí tuntun ni ó fi ń gbọ́ràn.

Èyí gbé wa dé orí awuyewuye kan tí ó wà láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn eré yìí. Àwọn kan fẹ́ kí ọkọ̀ tí ó padà dé jẹ́ bí ó ti wà gan-an, tàbùkù-tàbùkù. Àwọn mìíràn ní bí a bá mọ ibi tí ó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀, kí ni ó dé tí a kò fi ní wò ó sàn? Frog ni àpẹẹrẹ tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà jù. Nígbà ayé rẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pá tí ó ń gbé agbára láti inú àpótí jíà dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a máa tètè jẹ, a sì máa yọ̀ lásán. Nígbà tí ó padà ní 2005, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pá náà sí irú mìíràn tí ó lágbára jù ú lọ. Rough Rider ní tirẹ̀ pa orúkọ dà: Buggy Champ ni wọ́n pè é nígbà tí ó padà ní 2009. Àwọn tí ó fẹ́ òdodo tọkàntọkàn ní èyí kì í ṣe ẹni àná.

Bí wọ́n bá bi Yorùbá, ìdáhùn wà nílẹ̀. Bí ọmọ bá dé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, a ó wo àpá ara rẹ̀, a ó wo ojú rẹ̀, a ó ní bàbá ti dé. Síbẹ̀, a kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ kó gbèsè bàbá lé e lórí, a kì í sì í ní kí ó máa tiro nítorí pé bàbá tiro. Àkọsẹ̀jayé tirẹ̀ ni a ó dá fún un, kí a lè mọ irú ẹsẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ mú wáyé. Ẹni tí ó padà wá kò wá láti tún ayé àkọ́kọ́ gbé; ó wá gbé òmíràn. Ní ojú tèmi, nígbà náà, Frog ti 2005 tọ̀nà, ẹni tí ó sì fẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ máa jẹ bí ti àtijọ́ ń fẹ́ òkú, kò fẹ́ ọmọ.

Mo gbà, nítorí náà, pé eré náà níyì. Ẹ̀sùn pé ìwà ọmọdé ni kò múlẹ̀ níwájú àwa tí àgbà wa ń jókòó ti ọpọ́n ayò láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó wúwo ju èyí lọ, ọ̀nà tí ó gba iwájú ilé wa ní Mowo ni ó sì gbé e wá.

Sand Scorcher tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwòṣe Volkswagen ni, irú èyí tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà. Ìjàpá gidi ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Inú wa dùn, a ní ọkọ̀ tiwa ti dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà ń ti òkè òkun dé ní títú palẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wa sì ń tò wọ́n pọ̀. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀. Láàrin ìgbà náà sí ìsinsìnyí, Ìjàpá kékeré ti Shizuoka ti kú, ó sì ti padà wáyé. Ìjàpá Ọ̀jọ́ kò padà.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Mo mọ̀ pé owó, òṣèlú àti ọjà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí páálí àbúrò mi fi hàn mí kedere. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ oníbúlọ́ọ̀kù mọ ohun tí mọ́ọ̀lù ń jẹ́. Irú mọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, tí a fi irin líle gbẹ́, ni wọ́n ń da ike yíyọ́ sí kí ó tó di ara ọkọ̀ ìṣeré. Ọ̀wọ́n gógó ni mọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ lè mú un jáde lẹ́yìn ogún ọdún kí ó sì tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ra páálí. Shizuoka ni ó ni mọ́ọ̀lù. Bákan náà ni ó rí ní Ọ̀jọ́. Ẹni tí ó ń to ohun tí ẹlòmíràn gbẹ́ ní ọgbọ́n ọwọ́, èmi kò sì kẹ́gàn rẹ̀; ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí páálí kò bá dé mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1984, ọdún tí Grasshopper kọ́kọ́ jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni ìjọba ológun ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, Sẹ̀mẹ̀ sì wà ní títì títí di 1986. Ọjà wọ́n, owó wọ́n. Ọmọ Mowo wo ni yóò rí ọkọ̀ Japan fi ṣeré? Síbẹ̀ a ní ọkọ̀. Agolo mílíìkì, agolo sàdíìnì àti agolo Bournvita ni a fi ń ṣe é. A ó la agolo, a ó fi òkúta lù ú títí yóò fi tẹ́jú, a ó ká a sí ìrísí ọkọ̀ tí a fẹ́: dánfó, mólùẹ̀, tàbí Peugeot 504. Ìdérí ìgò ni iná iwájú. Wáyà ni ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀. A ó wá so igi gígùn kan mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, a ó sì fi wáyà ká òbìrí sí orí igi náà fún ìdarí, kí ẹni tí ó ń tì í lè dúró ṣánṣán kí ó máa yí i sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu wa ni ẹ́ńjìnì, ẹnu wa náà ni fèrè.

Mo fẹ́ kí a fi ojú lámèyítọ́ wo mọ́tò agolo yìí fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún un nígbà ayé rẹ̀. Kò ní ìwé ìlànà, kò sì ní páálí. Ọmọ tí ó ṣe é ni ó wo ọkọ̀ lójú títì, tí ó pinnu ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀, tí ó wá ohun èlò, tí ó sì borí ìṣòro tí ó le jù, ìyẹn bí ẹsẹ̀ iwájú yóò ti máa yí láìyọ. Ní ti àtinúdá, ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ju àbúrò mi ẹni àádọ́ta ọdún tí ó ń tẹ̀ lé àwòrán lọ. Àléébù mọ́tò agolo kan ṣoṣo ni ó wà, ó sì burú: kò lè padà wáyé. Ó máa ń dípẹtà, ó máa ń tẹ̀, a sì máa ń jù ú nù. Láti ọwọ́ ọmọdé sí ọwọ́ ọmọdé ni ìmọ̀ rẹ̀ ń gbà. Bí ìran ọmọdé kan bá fò ó, okùn ti já nìyẹn. Lónìí, mílíìkì ti wọ inú ọ̀rá, ike olówó pọ́ọ́kú sì kún ọjà. Ìran tí ó fò ó ti dé.

Ẹnìkan lè ní báyìí ni gbogbo iṣẹ́ ọnà wa rí, pé igi ni, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Mo kọ̀. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré àgbà tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti káàkiri ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tí UNESCO kéde ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé ogún ayé ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Orí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a ti ń rí kẹ̀kẹ́, alùpùpù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ òfuurufú tí a fi igi gbẹ́. Fágbìtẹ́ Àsàmú ti Ìdọ̀fà àti ọmọ rẹ̀, Fálọlá Ẹ̀dún, lókìkí nítorí ère tí àwọn ẹ̀yà orí rẹ̀ ń mira bí oníjó ti ń jó. Ère a máa jẹrà lóòótọ́. Òmíràn a sì máa rọ́pò rẹ̀, nítorí pé bàbá fi ọwọ́ ọmọ sí i. Ọwọ́ ni mọ́ọ̀lù wọn. Ohun tí ó gba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ là ni pé àgbà ni ó ń ṣe é, kò sì tijú rẹ̀. Ohun tí ó pa mọ́tò agolo ni pé a dàgbà, a sì tì í sílẹ̀ bí ohun tí ó yẹ kí a gbàgbé.

Bí a ti gbàgbé rẹ̀ tó, mo rí i ní ọjọ́ kẹta ọdún. Bátìrì tata ti kú, ó wà nídìí iná, iná mànàmáná kò sì sí. Ọmọ kan ní agboolé wa, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, bi àbúrò mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú èyí ni ẹ fi ń ṣeré nígbà tí ẹ wà ní kékeré?" Ó ní rárá, agolo ni a fi ń ṣe tiwa. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣe é kí n rí i." A wá agolo tòmátò méjì, a jókòó tì í. A rántí bí a ti ń la agolo. A rántí bí a ti ń ká a. Nígbà tí ó kan ẹsẹ̀, àwa méjèèjì wo ojú ara wa. Ìyá àgbà ni wọ́n gbà wá. "Bàtà rọ́bà mi ni ẹ máa ń gé," ni wọ́n wí, "n kò sì tíì gbàgbé." Nígbà tí ó kan ìdarí, kò sí ẹni tí ó lè gbà wá mọ́. Bí a bá fún wáyà náà le, ẹsẹ̀ kò yí. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ yọ. Ohun tí a ń ṣe lójú oorun ní ọdún 1984, oyè ọ̀mọ̀wé tèmi àti owó Lọ́ńdọ̀nù tirẹ̀ kò lè ṣe é. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, a ní mọ́tò kan tí ó ń yà sí ọwọ́ òsì nìkan.

Èmi kò wá sọ pé kí a ju asọ̀rọ̀mágbèsì nù kí a gbá agolo mú. Àbúrò mi gbádùn ọkọ̀ rẹ̀, èmi náà darí rẹ̀, mo sì gbé e lu igi àgbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ìgbà èwe ni ó mú Grasshopper padà. Gbogbo ayé ni ó fẹ́ràn ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú mọ́ọ̀lù nìkan ni ìfẹ́ náà ṣe lóore. Mọ́ọ̀lù tiwa ni ọwọ́ àwọn tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nísinsìnyí, ipata sì ti ń mú un. Bí bàbá kan bá lè jókòó lórí ẹní fún ọjọ́ méjì kí ó to ike Japan, kò sí ìtìjú nínú kí ó jókòó fún ìrọ̀lẹ́ kan kí ó la agolo lójú ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é pẹ̀lú. Bí ó bá sì padà wáyé, kí ó padà bí Frog, kí a tún ibi tí ó ti ń jẹ ṣe: kí a fi ìdí agolo gbọn kí ó má baà gé ọmọdé lọ́wọ́, kí a sì ya àwòrán bí a ti ń so wáyà náà, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà jókòó bí a ti jókòó.

Ọmọ náà kò bínú sí mọ́tò wa. Ó ń tì í yípo lórí yanrìn, ó ń yà sósì, ó ń yà sósì, ó ń fi ẹnu fọn fèrè, títí ilẹ̀ fi ṣú tí ìyá rẹ̀ pè é wọlé. Kí ó tó lọ, ó gbé e wá bá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ní ọ̀la, ẹ jẹ́ kí ó máa yà sọ́tùn-ún." Mo ní mo gbọ́.